Ádífẹ́ǹtì Tí Bàbá Mi Lọ sí Alápòtì

Ọdún tí ìyá mi kú ni bàbá mi wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Sáńgò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti ń wú nígbà náà, kò sì sí nǹkan tó lè sè fúnra rẹ̀ ju ẹyin lọ. Èmi ni mo lọ mú un wá láti ìlú wa lápá Ìlaròó. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: àpótí onírin kan, ọ̀pá ìtilẹ̀, ìwé àdúrà àti ìwé orin tí ẹ̀yìn wọn ti já, tó fi òwú rán pọ̀. A fún un ní yàrá kékeré tó kọjú sí títì. Èéfín ilé-iṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin lẹ́yìn àdúgbò wa a máa bà sí fèrèsé rẹ̀. Tí mo bá fi aṣọ nù ún láàárọ̀, aṣọ náà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò ráhùn rí. Ó kàn máa ń sọ pé, "Ibí yìí kì í sùn."

Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àgbà ìjọ nílùú wa, nínú ìjọ àtijọ́ tí wọ́n ń tẹ̀lé ìwé àdúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Bó bá ń kàwé, àwọn ọmọdé kì í sunkún. Èmi ti kúrò nínú ìjọ yẹn nígbà tí mo lọ́kọ. Ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọkọ mi ń lọ, ibẹ̀ náà ni mo bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ Ádífẹ́ǹtì níbẹ̀. Ní tiwa, tí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, àdúrà oṣù ẹ́ńbà ló ń bẹ̀rẹ̀: kí ọkọ̀ má pa wá, kí ikú tó ń pa èèyàn lópin ọdún má mọ ilé wa. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, orin Kérésìmesì ti gba gbogbo ẹnu, wọ́n á sì máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e títí dé abẹ́ afárá. Bàbá mi a máa gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀, a mi orí.

"Wọ́n ti jẹun tán kí àlejò tó dé," ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù náà, ó pè mí, ó ní kí n bá òun ra àbẹ́là márùn-ún: mẹ́ta aláwọ̀ elésè àlùkò, ọ̀kan píǹkì, ọ̀kan funfun. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ojú-Ọrẹ tó ń ta àbẹ́là àti tùràrí fún àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì kí n tó wọlé, nítorí mi ò fẹ́ kí ará ìjọ wa kankan rí mi. Obìnrin tó ń tajà bi mí pé, "Ti ìṣẹ́gun lẹ fẹ́ àbí ti ọmọ?" Mo ní rárá o, bàbá mi ló rán mi.

Bàbá mi bu yanrìn sínú àwo, ó gún àbẹ́là mẹ́rin yí etí rẹ̀ ká, ó fi funfun sáàárín. Ó tẹ́ gèlè ìyá mi kan, tí àwọ̀ tirẹ̀ náà jẹ́ elésè àlùkò, sórí tábìlì kékeré ní pálọ̀. Súpáfáísọ̀ ni ọkọ mi ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọpọ́n àti garawa oníke. Nígbà tó ti ibiṣẹ́ dé ní Sátidé yẹn, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò bọ́ bàtà.

"Ẹ kúulé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lèyí?"

"Àbẹ́là Ádífẹ́ǹtì ni. Ọ̀la la ó tan ti àkọ́kọ́."

"Bàbá, ẹ má bínú. Tí pásítọ̀ wa bá yà síbí, tó bá àbẹ́là aláwọ̀ nílé mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n á ní mo ti ń lọ sílé aríran."

Bàbá mi kò gbé ohùn sókè. "Ilé yín ni. Tẹ́ ẹ bá ní kí n kó o, màá kó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ̀yin ń múra ọdún. Ọdún kọ́ ni èmi ń múra rẹ̀. Ádífẹ́ǹtì ni ìgbà tí à ń retí bíbọ̀ Olúwa. Ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì á gbálẹ̀. Á wo abẹ́ ibùsùn, á wo ẹ̀yìn àpótí, á wo ibi tó ti ń gbá ìdọ̀tí pamọ́ sí látijọ́. Mo ti dàgbà. Ibì kan wà nílé mi tí mi ò tíì gbá."

Ọkọ mi wò mí. Mo wolẹ̀. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ gbé e sí yàrá yín, Bàbá." Ibẹ̀ náà la gbé e lọ.

Báyìí ni a ṣe tan àbẹ́là kìn-ín-ní nínú yàrá tóóró náà, èmi, òun àti àwọn ọmọ mi méjèèjì, kí àwa tó lọ sí ìjọ tiwa. Bàbá ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà láìwo ìwé. Ọyẹ́ ti dé, àwọn ọmọ ń húkọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ilé gbígbá kò kúrò lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n mo rò pé bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni, láìní ohun kan pàtó lọ́kàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, ó tan àbẹ́là méjì, ó lanu láti kàwé, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ọmọ mi obìnrin rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìgbà náà ni mo rántí ohun kan tí mo ti ń rí láti kékeré tí mi ò kà sí: nílùú wa, lọ́jọ́ Ìsinmi kejì Ádífẹ́ǹtì, bàbá mi kì í kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn ló ń kà á. Wọ́n máa ń ní ọ̀fun ń dùn ún.

Ó ní kí àwọn ọmọ lọ wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n jáde, ó bi mí pé, "O rántí ọmọ Ìyá Alápòtì?"

Ìyá Alápòtì ni à ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, nítorí Alápòtì ló lọ́kọ sí. Mo rántí ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ló ń gbé nílùú wa nítorí ilé ìwé. Ẹní kan náà ni a jọ ń sùn, kíláàsì kan náà ni a wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tútù, ó sì fẹ́ràn láti fi kàn mí lẹ́yìn kí n lè pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wá nígbà tó ṣàìsàn, tí wọ́n kó mi lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ìyá mi. Nígbà tí mo padà dé, kò sí nílé mọ́. Mo béèrè rẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí Alápòtì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ bínú sí i pé kò dágbére. Mo ti wọ ilé ìwé girama kí ẹnì kan tó sọ ọ́ sí mi létí pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Ẹni náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò béèrè. Mo kàn mọ̀ pé Ìyá Alápòtì kò wá sílé wa mọ́.

"Mo rántí rẹ̀, Bàbá."

"Ọ̀sẹ̀ kejì Ádífẹ́ǹtì ló kú."

Ó wá sọ èyí tó kù fún mi. Ìyàwó kejì ni àbúrò rẹ̀ nílé ọkọ, nítorí náà ìjọ ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tó ń jẹ oúnjẹ Olúwa, wọn kò sì gbà láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ kú, ìyá rẹ̀ wá láti Alápòtì, ohun kan ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n sin ọmọ náà sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá tó bí òun àti bàbá mi. Àwọn àgbà ìjọ pàdé. Àwọn kan fẹ́ gbà, àwọn kan kò fẹ́.

"Wọ́n bá kọjú sí mi," bàbá mi sọ. "Wọ́n ní, 'Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tó o bá sọ la máa ṣe.' Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àgbà ìjọ ni. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má lọ sọ pé mò ń ṣègbè. Mo dìde, mo ní òfin ìjọ kò mọ ọmọ ìyá ẹni. Èmi fúnra mi ni mo lọ ti géètì ọgbà náà kí àwọn ọ̀dọ́ má baà lọ gbẹ́ ilẹ̀. Àbúrò mi dúró níta géètì. Kò pariwo. Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣí i fún mi.' Mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé."

Inú takisí ni wọ́n gbé òkú ọmọ náà sí dé Alápòtì, wọ́n sì sin ín sóko bàbá rẹ̀.

"Ṣé ìyá mi mọ̀?" mo bi í.

"Ó mọ̀. Ó bẹ̀ mí títí kí n lọ tọrọ àforíjì. Mo ń ní màá lọ, màá lọ. Mo ti ka ìwé wòlíì síwájú ìjọ láìmọye ìgbà pé kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sọ ibi gbágungbàgun di títẹ́jú. Èmi tí mò ń kà á, mi ò tún nǹkan kan ṣe."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó máa ń bó ọsàn fún mi. Mo dìde, mo lọ sí kíṣìnnì, mo ṣí omi ẹ̀rọ, mo sì dúró tì í títí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tútù ọmọ yẹn ni mò ń rò. Fún ọjọ́ méjì, yàtọ̀ sí "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀," mi ò bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Kò dá mi lẹ́bi. Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ jókòó tì í lórí ibùsùn, mo ní, "Sátidé la máa lọ."

Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ti gba ìsinmi nígbà tó di Sátidé. A wọ kòròpe láti Ojú-Ọrẹ. Àwọn tírélà tó ń kẹ́rù ilé-iṣẹ́ ti ba ọ̀nà náà jẹ́, eruku sì bò wá títí irun àgbọ̀n Bàbá fi pọ́n. Mo ti fẹ́ kí a ra búrẹ́dì dání. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi búrẹ́dì ṣe níwájú rẹ̀?" Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà Alápòtì ti yà, a gun ọ̀kadà, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ọmọdé. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Àdúrà ni mo kọ́kọ́ pè é. Ohun tó fẹ́ sọ fún àbúrò rẹ̀ ló ń há sórí.

Iwájú ilé la ti bá Ìyá Alápòtì, ó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́. Ó ti di arúgbó. Ojú rẹ̀ jọ ti bàbá mi débi pé ó bà mí lẹ́rù. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ṣé àlàáfíà lẹ wá?"

Ó kí èmi náà, ó bu omi wá. Bàbá mi kò mu ún. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mi ò rí i rí kí àgbà ọkùnrin fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Orúnkún rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ tí ìyá náà fi di èjìká rẹ̀ mú.

"Rárá. Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀, gbogbo ayé á ní kí n yára dárí jì yín. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Bàbá mi jókòó. Gbogbo ohun tó há sórí ti sọnù. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gbà á. Kì í ṣe ìjọ. Èmi ni. Mo wá sọ ọ́ fún ọ lójúkorojú, kí ọlọ́jọ́ tó dé."

Ìyá náà mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó bẹ́ ẹ̀gẹ́ kan tán, ó bẹ́ ìkejì. Adìyẹ ń jẹ kiri níwájú wa. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jẹ́ ká lọ kẹ́ ẹ lọ rí ibẹ̀."

A rìn lọ sẹ́yìn ìlú, díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Bàbá. Mo rò pé oko la ń lọ. Ògiri gíga kan la dé, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí rẹ̀, òrùlé aláwọ̀ búlúù nínú rẹ̀ fẹ̀ bíi pápá ìṣeré. Ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan ni. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin tò sẹ́nu géètì. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rí ìyá náà, ó gbọn orí.

"Mama, you don come again? I don tell you say I no fit open am."

"Mi ò ní kó o ṣí i, ọmọ mi," ó dá a lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi ni mo mú wá wò ó."

Ó kọjú sí bàbá mi. "Abẹ́ ibẹ̀ yẹn ló wà. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ta oko náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí kàtàpílà dé ni mo tó gbọ́. Mo gbé ọkọ́, mo sáré lọ, mo fẹ́ hú egungun ọmọ mi. Ọ̀pẹ méjì ni mo fi ṣàmì sí ibẹ̀. Wọ́n ti fa méjèèjì tu. Gbogbo ilẹ̀ ti rí bákan náà. Mo ń gbẹ́ ibí, mo ń gbẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó ń wa kàtàpílà paná ẹ́ńjìnnì, ó ń wò mí títí ó fi rẹ̀ mí." Ó tọ́ka sí ògiri náà. "Ká ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ló wà ni, Bọ̀ọ̀dá, ǹ bá mọ ibi tí mo lè jókòó sí."

Bàbá mi lọ fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà. Oòrùn ti mú un gbóná, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ kúrò. Mo retí kó sunkún, kò sunkún. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí ọ̀dọ́kùnrin náà fi gbé àga rẹ̀ wá fún un.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ, ó bi àbúrò rẹ̀ bóyá òun lè tún wá. Ìyá náà ní, "Ọ̀nà kì í ṣe tèmi."

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta ni wọ́n máa ń tan àbẹ́là píǹkì, àbẹ́là ayọ̀. Bàbá tan méjì tó ti wà tẹ́lẹ̀, ó pa iná ìṣáná. Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Bàbá àgbà, ẹ gbàgbé ọ̀kan." Ó ní, "Mi ò gbàgbé. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ó jókòó, ó ń fi èékánná họ tábìlì. Ó ní, "Kọnkéré ilé ìkẹ́rùsí máa ń nípọn. Forklift, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù wúwo, ń gun orí ẹ̀. Wọn ò ní fọ́ ọ." Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n ní Wẹ́sídé, tí kò níṣẹ́ àárọ̀, ó wọ aṣọ tó dáa, ó mú Bàbá, wọ́n lọ sí ilé ìkẹ́rùsí náà láti lọ bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n kàn jẹ́ kí àwọn wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn gbàdúrà, kí àwọn jáde. Láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjì ni wọ́n fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọ̀gá kan jáde wá pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́. Kò rí wọn fín. Ó ní gbogbo ìwé ilẹ̀ náà ló pé, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ sàréè, àti pé bí àwọn bá gba ẹnì kan láàyè lónìí, gbogbo ìlú ló máa ní sàréè níbẹ̀ lọ́la. Ó ní kí wọ́n fún wọn ní omi inú ọ̀rá, ó sì padà wọlé.

Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ mi wọ yàrá Bàbá, ó gbé tábìlì àbẹ́là náà padà sí pálọ̀.

Láti ìgbà náà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí Alápòtì. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo ní kí n bá a lọ, ó ní rárá. Ó lọ ní Tọ́sìdeé, ó lọ ní Fúráìdeé, ó lọ ní Sátidé. Á jókòó síwájú ilé àbúrò rẹ̀ títí di ọ̀sán, ìyá náà á gbé omi fún un, á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Bó bá ti dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú débi pé bàtà kì í fẹ́ bọ́. Mo bi í pé, "Kí lẹ ń sọ fún un?" Ó ní, "Mo ti sọ èyí tó yẹ kí n sọ. Mo kàn ń jókòó ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa. Ìyá Alápòtì ni, ó gbé àpò gààrí lórí. Bàbá mi dìde láìmú ọ̀pá.

"Ẹ jókòó," ìyá náà ní. "Mi ò wá torí pé inú mi ti rọ̀ o. Ẹ ti dàgbà, oòrùn ń pa yín níwájú ilé mi, àwọn ará àdúgbò sì ti ń bi mí pé kí ni mo fi yín ṣe. Ẹ má wá mọ́. Èmi á máa wá."

Mo gbé oúnjẹ fún wọn. Wọ́n jẹun. Nígbà tó yá, ìyá náà ń wo àbẹ́là lórí tábìlì, ó béèrè ohun tí wọ́n wà fún, Bàbá sì ṣàlàyé fún un.

"Èyí tí ẹ ò tàn yìí ńkọ́?"

"Ti ayọ̀ ni. Mi ò lè tàn án."

Ìyá náà mi orí díẹ̀. "Ẹ ṣeun," ló sọ.

Ó lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ mi sìn ín dé ibùdókọ̀. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, a wọ aṣọ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, Bàbá kò lè bá wa lọ, kò lè dìde. Nígbà tí a dé, ìrẹsì tí mo bò sílẹ̀ fún un ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Alápòtì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ń gbé gààrí wá. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá wọn, nípa igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé àtijọ́, nípa ẹni tó kú àti ẹni tó ṣì wà. Wọn kò dárúkọ ọmọ náà létí mi. Ní ìgbà òjò, bàbá mi kú ní ọsibítù ní Ọ̀tà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, mo ń bu ògì fún un lọ́wọ́.

Ìlú wa la gbé e lọ sin. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ sí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Alápòtì wá. Mo rí i pé ó jókòó lórí àga tó kẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn àlejò, bí ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Lẹ́yìn tí èrò ti lọ jẹun, ó pè mí, ó ní kí n mú òun dé ibẹ̀. Àyè díẹ̀ wà láàárín sàréè bàbá wọn àti ti bàbá mi, koríko kún ibẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ wọn àyè náà, ó ń gbé gìgísẹ̀ ti ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Ì bá gbà á," ó ní. "Ó kéré. Kò ga ju báyìí lọ."

Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó ní kí n wá ọkọ̀ fún òun.

Nísinsìnyí, èmi ni mo máa ń lọ sí Alápòtì. Mo lọ ní Ádífẹ́ǹtì tó kọjá. Ọkọ mi fi ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ wọn gbé mi dé ìyànà. Ìyá náà ń sẹ́ gààrí, mo ká apá aṣọ mi, mo bá a sẹ́ ẹ. Mo ti ń gbé ìbéèrè kan lọ́kàn láti ọjọ́ ìsìnkú, mo bá sọ ọ́ jáde.

"Ìyá, ṣé ẹ ti dárí ji bàbá mi?"

Kò dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. "Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ti dárí jì wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí mo bá wá gba ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn kọjá, tí mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, á tún kúrò lọ́wọ́ mi." Ó gbọn ajọ̀ náà. "Má bi mí mọ́, ọmọ mi."

Mi ò tíì bi í mọ́.